Ọjọ́ Kan Lẹ́nu Asọ̀rọ̀mágbèsì ní Ìlú Ọba, Ọdún 1951

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rédíò àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọjọ́ Rédíò Àgbáyé. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ yìí.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo kí ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ fi ohùn yín tọ́ wa dàgbà kí ẹ tó fẹ̀yìn tì. Mo kí ẹ̀yin atọ́kùn ètò tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kú wàhálà iná, ẹ kú wàhálà epo jẹnẹrétọ̀. Mo sì kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Ẹ sún mọ́ iwájú díẹ̀, torí yín gan-an ni mo ṣe wá. Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Mo júbà o, kí ilẹ̀ lanu fún mi.

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa rédíò ayé àtijọ́, ọ̀pọ̀ yín á ti rò pé Èkó tàbí Ìbàdàn ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Odò tí a ń mu níhìn-ín ní orísun, orísun yẹn ni mo fẹ́ ká jọ lọ wò lónìí. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìlú Ọba, sí ọjọ́ iṣẹ́ kan péré ní ọdún 1951. Ká bá rédíò wọn jí láàárọ̀, ká bá a ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ká sì bá a dé òru.

Kí ló dé tí mo fi mú 1951? Ogun ti parí láti 1945, síbẹ̀ ẹran, ṣúgà àti tíì ṣì wà lórí káàdì ìpín tí ìjọba fi ń wọn oúnjẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tẹlifíṣọ̀n ti dé, àmọ́ ilé tó ní in kò tó nǹkan. Rédíò ló ni ilé. Ìdí kejì wà, mo fi í pa mọ́ ná, a máa kàn án tó bá yá.

Ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ. Àwọn tó ń to ètò rédíò nígbà náà, kí wọ́n tó bèèrè pé kí la fẹ́ sọ, ìbéèrè mìíràn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi ara wọn: kí lọwọ́ olùgbọ́ ń ṣe báyìí? Ẹ fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn. Kí lọwọ́ olùgbọ́ ń ṣe?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní gbogbo ilẹ̀ náà, BBC ni. Ọdún 1922 ni wọ́n dá a sílẹ̀ bíi kọ́ńpìnnì. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní ọdún 1927, ó di àjọ tí ọba fún ní ìwé àṣẹ. John Reith, ọmọ Scotland, ọmọ pásítọ̀, ló kọ́kọ́ darí rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ mẹ́ta ni rédíò ń ṣe: kó fún èèyàn níròyìn, kó kọ́ wọn lọ́gbọ́n, kó sì dá wọn lára yá. Kò sí ìpolówó ọjà kankan. Ilé tó bá ní rédíò ló ń sanwó ọdọọdún, pọ́n-ùn kan. Ṣílè 10 ni tẹ́lẹ̀, ọdún 1946 ni wọ́n sọ ọ́ di pọ́n-ùn. Ní 1950, àwọn tó gba ìwé àṣẹ yìí lé ní mílíọ̀nù 11.

Ọ̀nà mẹ́ta ni BBC ń gbà wọlé. Home Service ni àkọ́kọ́, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1939 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ogun ti dé ẹnu ọ̀nà. Òun ló ń ka ìròyìn, òun ló ń sọ̀rọ̀ àgbà. Light Programme tẹ̀lé e ní oṣù keje 1945, ti orin, ẹ̀rín àti ìtàn. Third Programme dé ní oṣù kẹsàn-án 1946. Alẹ́ nìkan ni ìyẹn ń sọ̀rọ̀, fún àwọn tó fẹ́ gbọ́ eré orí ìtàgé tó gùn, orin àwọn àgbà olórin, àti àríyànjiyàn àwọn ọlọ́gbọ́n. William Haley tó jẹ́ ọ̀gá àgbà nígbà náà rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí àtẹ̀gùn. Light ni ìsàlẹ̀, Home ni àárín, Third ni òkè. Ó rò pé ẹni tó ń gbọ́ orin ijó lónìí á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé òkè téńté.

Ní tèmi, àtẹ̀gùn yẹn kò ṣiṣẹ́ bó ṣe rò ó. Ẹni tó fẹ́ràn Light jókòó ti Light, àwọn tó sì ń gbọ́ Third kò pọ̀ rárá. Àdàlù tòótọ́ wà nínú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó tan Home Service láàárọ̀ tí kò sì pa á, á gbọ́ ìròyìn, àdúrà, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, ìtàn àwọn ọmọdé, àti ọ̀rọ̀ òṣèlú, láìtíì dìde lórí àga. Kò yàn án. Wọ́n gbé e fún un ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ náà hàn yín, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀yin ọmọdé kò rí irú rẹ̀ rí. Gílóòbù dígí kéékèèké ló wà nínú ikùn rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbóná kí ohùn tó jáde. Ẹ ó yí bọ́tìnnì, á ró “kọ́”. Iná pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ á tàn lẹ́yìn dígí tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí lára: Hilversum, Luxembourg, Athlone. Eruku tó gbóná á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹ ó dúró díẹ̀, ohùn á wá máa bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni tó ń gun òkè bọ̀. Ilé tí kò níná mànàmáná, pàápàá lóko, bátìrì olómi ni wọ́n ń lò: ìgò dígí tó nípọn, ásíìdì nínú rẹ̀, ohun ìgbámú lókè rẹ̀. Ọmọdé ni wọ́n sábà ń rán lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti lọ pààrọ̀ èyí tó ti kú sí èyí tí wọ́n ti gba iná sí. Ọmọ náà á máa rìn gẹ̀gẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á jìnnà sí ara, torí bí ásíìdì yẹn bá ta sí ṣòkòtò, ihò ni. Ẹ wo ohun tí ọmọ ń gbé dání kí ilé wọn tó lè gbọ́ ìròyìn!

Àárọ̀

Pí, pí, pí, pí, pí, pí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ìró aago Greenwich nìyẹn, láti oṣù kejì 1924 ló ti ń dún lórí BBC. Gbogbo ilẹ̀ ló ń tún aago ọwọ́ ṣe sí i. Lẹ́yìn náà, ìròyìn. Kí aago mẹ́jọ tó lù, ìwàásù kúkúrú wà tí wọ́n ń pè ní Lift Up Your Hearts. Kí lọwọ́ olùgbọ́ ń ṣe? Ó ń fá irùngbọ̀n, ó ń de táì, kò ráyè ìwàásù wákàtí kan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó.

Èyí tó wù mí jù ni ti òkun. Ẹ mọ̀ pé erékùṣù ni ilẹ̀ náà, omi ló yí i ká. Lójoojúmọ́, lórí Light Programme, ẹnì kan á jókòó ka bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí lórí òkun fún àwọn ọkọ̀ àti àwọn apẹja. Wọ́n ti pín òkun sí ẹkùn-ẹkùn, wọ́n sì sọ ẹkùn kọ̀ọ̀kan lórúkọ: Forth, Tyne, Dogger, Humber, Thames, Wight, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kà á kì í yára, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi kún un. Ó dà bí ìgbà tí babaláwo ń ka ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Apẹja á mú pẹ́ńsù, á kọ ti ẹkùn tirẹ̀ sílẹ̀, á mọ̀ bóyá kó ta ìgbòkun tàbí kó yí padà sílé. Ẹgbàágbèje èèyàn tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí sì ń gbọ́ ọ pẹ̀lú, nínú ilé tó gbóná, wọ́n ń ronú àwọn tó wà lórí omi.

Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, ọkọ ti lọ síbi iṣẹ́, ọmọ ti lọ sílé ìwé. Kí lọwọ́ ìyá ilé ń ṣe? Ó ń fọ abọ́. Housewives' Choice dé nìyẹn, orin tí àwọn ìyá ilé fúnra wọn kọ káàdì ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ gbọ́. Ọdún 1946 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní àkókò kan náà, lórí Home Service, olùkọ́ ti kó ọmọ jọ yí ká rédíò nínú kíláàsì fún ẹ̀kọ́.

Nígbà tó bá di nǹkan bí aago mẹ́wàá àbọ̀, Music While You Work. Ẹ jẹ́ ká dúró níbí o. Oṣù kẹfà 1940 ni ètò yìí bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn obìnrin àti ọkùnrin ń ṣe ohun ìjà nínú àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tọ̀sán-tòru. Wọ́n so gbohùngbohùn mọ́ òkè ilé, orin á máa dà lé àwọn òṣìṣẹ́ lórí. Àmọ́ irú orin wo? Orin tó bá falẹ̀ jù kò wọlé, torí á mú wọn tòògbé. Ohùn orin kò gbọ́dọ̀ máa lọ sókè máa bọ̀ nílẹ̀, torí ariwo ẹ̀rọ á gbé èyí tó rẹlẹ̀ mì. Orin kan wà láti Amẹ́ríkà tó ní àtẹ́wọ́ nínú, ó gbajúmọ̀ gan-an. BBC ní kí wọ́n má fi í sí i mọ́. Kí nìdí? Ọwọ́ òṣìṣẹ́ kò ṣófo láti pàtẹ́wọ́, irinṣẹ́ ló wà níbẹ̀, ni wọ́n bá ń fi irinṣẹ́ lu tábìlì. Ṣé ẹ rí i? Kí lọwọ́ olùgbọ́ ń ṣe? Wọ́n ronú dé orí spánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀! Ogun parí, ètò náà kò parí. Ní 1951, ó ṣì ń lọ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án.

Ọ̀sán

Bó bá ku ìṣẹ́jú 15 kí aago méjì lù, wọ́n ń pìtàn fún àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé lọ. Listen with Mother lorúkọ rẹ̀, oṣù kìíní 1950 ló bẹ̀rẹ̀. Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, obìnrin tó ń pa á á kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè bóyá ó ti jókòó dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ àlọ́ rí, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ààlọ́ o, ààlọ̀! A kì í pàlọ́ fún ẹni tí kò tíì jókòó.

Ọmọ á sùn lọ. Aago méjì á lù. Woman's Hour á bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe to ó? Ọmọ sùn, ìyá jókòó, ètò tìyá dé. Oṣù kẹwàá 1946 ni Woman's Hour bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ṣe atọ́kùn rẹ̀, Alan Ivimey. Ìyẹn kò bá mi lára mu, kò sì bá àwọn obìnrin ìgbà náà lára mu. Láìpẹ́, obìnrin gbà á lọ́wọ́ ọkùnrin. Wọ́n sọ̀rọ̀ oúnjẹ tí a lè fi ìpín kékeré sè, wọ́n sì sọ̀rọ̀ ara obìnrin, èyí tí àwọn kan rò pé kò yẹ kó jáde lẹ́nu rédíò.

Nǹkan bí aago mẹ́rin, Mrs Dale's Diary, ìtàn ìyàwó dókítà kan, láti oṣù kìíní 1948. Lójoojúmọ́ iṣẹ́ ni, wọ́n sì ń tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín 1950 sí 1956. Ìyá arúgbó kan ló gbà á sílé, ó háyà yàrá kan fún un lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bàbá náà máa ń sọ fún wa pé bí aago mẹ́rin bá ti lù, ẹnikẹ́ni kì í gun àtẹ̀gùn ilé yẹn, torí àtẹ̀gùn náà ń ké, Mrs Dale sì ń sọ̀rọ̀. Ó ní òun á dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú kóòtù òun lára, òtútù tàbí kò sí òtútù. Níkẹyìn, ìyá náà ṣílẹ̀kùn, ó ní, “Wọlé wá jókòó.” Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì jọ ń gbọ́ ọ ni. Ó ní ibi tí òun ti kọ́kọ́ jókòó nínú pálọ̀ òyìnbó nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́

Aago márùn-ún ni ti àwọn ọmọ tó ti ilé ìwé dé, Children's Hour. Derek McCulloch ni gbajúmọ̀ ibẹ̀, Uncle Mac làwọn ọmọ ń pè é. Ọkùnrin yìí fi ojú kan sójú ogun ní Somme, nílẹ̀ Faransé, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, jàǹbá ọkọ̀ sì gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1938. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ ò ní mọ̀. Ohùn bàbá rere ni àwọn ọmọ gbọ́, ìyẹn nìkan.

Ìròyìn aago mẹ́fà tẹ̀lé e. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 15 kí aago méje lù, gbogbo ilé á lọ sórí Light fún The Archers. Bí ètò yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: oúnjẹ kò tó, ìjọba ń fẹ́ kí àgbẹ̀ gbin sí i, àmọ́ àgbẹ̀ wo ló fẹ́ kí wọ́n wá dá òun lẹ́kọ̀ọ́ lórí rédíò? Níbi ìpàdé kan ní Birmingham ní 1948, àgbẹ̀ kan dìde, ó ní ohun tí àwọn fẹ́ ni ìtàn bíi ti Dick Barton. Dick Barton yìí ni akíkanjú tó ń lé ọ̀daràn kiri lórí Light lálaalẹ́. Godfrey Baseley, òṣìṣẹ́ BBC kan, gbé ọ̀rọ̀ náà rò, ó sì dá abúlé kan tí kò sí láyé sílẹ̀, Ambridge, ó kó ìdílé àgbẹ̀ kan sínú rẹ̀. Ọjọ́ kìíní ọdún 1951 ni gbogbo ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Kó tó pé oṣù mẹ́rin, ó ti gba àyè Dick Barton fúnra rẹ̀. Wọ́n á máa jà, wọ́n á máa fẹ́ra, láàárín rẹ̀ ẹnì kan á ṣàlàyé àrùn màlúù. Ọgbọ́n nìyẹn. Egbòogi inú oyin.

Nílé ìyá arúgbó tí mo sọ, ẹ̀rọ iná kan wà lára ògiri tó ń jẹ ṣílè. Bí ṣílè bá tán nínú rẹ̀, iná á lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ku díẹ̀ kí Archers parí, ẹnì kan fẹ́ sọ àṣírí, bẹ́ẹ̀ ni ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀, ó dákẹ́. Òkùnkùn biribiri. Ìyá náà ń tú àpò, òun náà ń tú àpò, kò sí ṣílè. Wọ́n jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n ń ro ohun tí ẹni náà ì bá sọ.

Lálẹ́, ẹ̀rín. Ọdún 1951 yìí ni The Goon Show bẹ̀rẹ̀, ètò tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn tí ọ̀pọ̀ àgbà kò lóye rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án, aago ńlá Big Ben á lù, ìròyìn á tẹ̀lé e. Ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ̀kọ́ gidi á yí i sí Third. N kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ohùn ta ni kò sí níbẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò ní purọ́ fún yín. Gbogbo ohun tí mo ti ń yìn láti àárọ̀ yìí, ẹnu irú èèyàn kan ló ti ń jáde. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọwé gúúsù ilẹ̀ náà ni wọ́n fi ń ka ìròyìn. Ní 1941, wọ́n mú Wilfred Pickles wá láti àríwá, ọmọ Halifax ní Yorkshire, kó wá ka ìròyìn fún gbogbo ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ jẹ́ ohùn ilé wọn. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wọlé, àwọn èèyàn ń ráhùn. Ẹ fojú inú wò ó bí ọmọ Èkìtì bá ka ìròyìn ní ahọ́n Èkìtì lálẹ́ òní, ẹ mọ ohun tí àwọn kan nínú wa máa sọ. Pickles kò pẹ́ nídìí ìròyìn. Àmọ́ ní 1946, wọ́n fún un ní Have a Go, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń bá àwọn èèyàn lásán sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn wọn, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè, ó ń fún wọn lówó díẹ̀. Mílíọ̀nù èèyàn ló ń gbọ́ ọ. Ohùn tí wọ́n ní kò yẹ fún ìròyìn ló wá di ohùn ilé gbogbo.

Àwa adúláwọ̀ ńkọ́? Una Marson, ọmọ Jàmáíkà, dá ètò kan sílẹ̀ ní BBC nígbà ogun. Láti 1943 sí 1958, Caribbean Voices ka ìtàn àti ewì àwọn òǹkọ̀wé erékùṣù wọn, ohun ńlá ló sì bí. Àmọ́ òkè òkun ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Ará Lọ́ńdọ̀nù tó tan Home Service tàbí Light kò gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbọ́ rédíò fún ọdún mẹ́fà nílé ìyá yẹn. Ó ní ohùn adúláwọ̀ tí òun gbọ́, yàtọ̀ sí ti olórin, òun lè fi ìka ọwọ́ kan kà wọ́n. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí. Àwọn tó mọ ohun tí ọwọ́ gbogbo èèyàn ń ṣe kò bèèrè nípa ọwọ́ tirẹ̀.

Ìdí kejì tí mo fi mú 1951, èyí tí mo fi pa mọ́, nìyí. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dá Nigerian Broadcasting Service sílẹ̀ nílé níhìn-ín. Ṣáájú rẹ̀, àpótí ara ògiri la ní, Rediffusion, láti 1935 ní Èkó, lẹ́yìn náà Ìbàdàn. Okùn ló so ó mọ́ ibùdó, o kò lè yí i kúrò lórí ohun tí wọ́n bá gbé wá, òun náà kò sì ń gba èsì lọ́wọ́ rẹ. Ìyẹn ni àwọn bàbá wa ṣe sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ta ni wọ́n wá fi ṣe ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ tuntun náà? Tom Chalmers. Ọkùnrin yìí ti jẹ́ alákòóso Light Programme kó tó wá! Ẹni tó ń darí orin ìyá ilé àti ìtàn ìyàwó dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù ló wá jókòó sí Èkó. Ẹ wá yé bèèrè ibi tí orin ẹ fẹ́-ẹ fẹ́ ti wá, ibi tí eré ìdílé alápá-alápá ti wá. Ní 1956, Chinua Achebe tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ BBC ní Lọ́ńdọ̀nù. A gba àpẹẹrẹ wọn, a sì fi tiwa sí i. Ìró mẹ́fà Greenwich ni tiwọn. Ní Ìbàdàn, gángan la fi ń sọ pé a ti dé, àwọn ará ìlú sì túmọ̀ rẹ̀ fúnra wọn: “B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?”

Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀kan péré, kí n tó jókòó.

Ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 1952. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ náà, ikọ́ ń ṣe é. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú 15, John Snagge gba ẹnu rédíò, ó kéde pé Ọba George kẹfà ti wàjà. Ó ní BBC á dákẹ́ fún ìyókù ọjọ́ náà. Kò sí Mrs Dale, kò sí Archers, kò sí orin òṣìṣẹ́. Ohun tí wọ́n ṣì máa gbé jáde kò ju ìròyìn, bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí lójú òkun, àti ìkìlọ̀ ìjì. Ìyá arúgbó náà kò pa rédíò rẹ̀. Ó gbé ṣílè méjì sínú ẹ̀rọ ara ògiri, ó jókòó tì í. Ilé pa rọ́rọ́. Nígbà tó pẹ́, ohùn kan jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn orúkọ yẹn ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, Forth, Tyne, Dogger, Humber. Ìyá náà gbójú sókè, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé, “Wọ́n ṣì wà lórí omi.”

Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́.